Eyín Mélòó Ló Wà Nínú Ẹ̀rọ Kìtán?

"Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Kìtán onírin, sà?"

"Ṣé ìyàwó rẹ̀ ni mo jọ?"

"Ṣé ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ àtíbàbà yìí ni wọ́n ní ó ti ń yan gàrí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n?"

"Ta ló rán ọ wá ka ọjọ́ orí ẹ̀rọ mi?"

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ kò pààrọ̀ kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré inú rẹ̀ rí?"

"Ìwọ ńkọ́, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti pààrọ̀ tìrẹ?"

"Ta ló sọ fún yín pé mo ní ẹ̀rọ?"

"Èèyàn wo ni kò ní ẹ̀rọ, tí gíríìsì yóò wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ báyìí?"

"Eyín mélòó ló wà lára kẹ̀kẹ́ yín náà, sà?"

"Eyín mélòó ló wà lẹ́nu bàbá rẹ?"

Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti tán lẹ́nu Adélaní. Bàbá rẹ̀ ti lọ sọ́run láti ọdún kẹta, kò sì sí ẹni tí ó ka iye eyín tí ó bá a lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku irin tí ó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ ní ìlú Oǹdó, ó sì kí bàbá náà gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí ó kí i kí ó tó béèrè ohunkóhun.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé ọ," ni Bàbá Kìtán wí. "Dìde. Níbo lo ti wá?"

"Àkúrẹ́ ni, sà. Ijapo ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Isikan ni ilé wa. Adélaní ni orúkọ mi. Ẹnjiníà ni mí."

"Ìyẹn ló fà á tí o fi gbàgbé ìkíni."

Ọ̀ràn tí ó gbé Adélaní dé Oǹdó kò ṣòro láti rò. Ó ti ṣe ẹ̀rọ ìyangàrí kan fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ náà ń yí kẹ̀kẹ́ eléyín kékeré kan; ṣéènì ń gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré lọ sórí kẹ̀kẹ́ ńlá; kẹ̀kẹ́ ńlá ni ó sì ń yí àwọn ọwọ́ irin tí ń ro gàrí nínú agbada. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ṣéènì náà ti jẹ títí tí ó fi ń fo eyín. Bí ó bá ti fo, ọwọ́ irin á dúró, iná kì í sì í bá ọwọ́ irin dúró: gàrí á jó. Àwọn obìnrin náà ti wá kìlọ̀ fún un pé bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, àwọn yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ padà fún un. Kì í sì í ṣe Ijapo, níbi tí aládùúgbò kò ti mọ aládùúgbò, ni wọ́n yóò gbé e lọ. Isikan ni, níwájú ilé ìyá rẹ̀, pẹ̀lú orin.

Ẹ̀rọ Kìtán, ní tirẹ̀, kò fo eyín rí. Ṣéènì rẹ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ó ti pààrọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ṣe é. Ìhà ibi tí ṣéènì wà ni ó fi páànù bò, ó fi àgádágodo tì í, ó sì fi okùn so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Nígbà tí tìrẹ kọ́kọ́ fo eyín, kí lo ṣe?" ni bàbá béèrè.

"Mo pààrọ̀ ṣéènì, sà."

"Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

"Kẹ̀kẹ́ ṣì dára, sà. Eyín rẹ̀ kàn tẹ̀ díẹ̀ ni, bí ìkọ́."

"Bí ìkọ́, o sì ní ó dára? Ṣé ìwọ kò lọ sí ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi ni? Ta ló ń fi aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù? Eyín tó ti jẹ yóò jẹ ṣéènì tuntun kí oṣù tó yọ. Bí eyín bá ti tẹ̀, ọjọ́ kan náà ni a ń pààrọ̀ àwọn méjèèjì. Kí ló tún ṣe é?"

"Ṣéènì náà nà, sà. Mo wọ̀n ọ́n. Ó fi ìka kan gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Irin nà? Ṣé rọ́bà ni? Irin kì í nà, ẹnjiníà. Oríkèé rẹ̀ ni ihò wọn ń gbòòrò. Ìwọ̀n irun kan ní oríkèé kan. Oríkèé mélòó ni tìrẹ?"

"Ọgọ́rin, sà."

"Irun ọgọ́rin. Lọ to irun ọgọ́rin pọ̀ kí o wò ó bóyá kò tó ìka. Gíríìsì ńkọ́?"

Ojú Adélaní tàn. Ìbéèrè tí ó mọ ìdáhùn rẹ̀ dé. "Ojoojúmọ́ ni mo ní kí wọ́n máa fi kùn ún, sà! Nípọnnípọn!"

"Lóde?"

"Lóde, sà."

"Ebi ń pa ọ́, o wá ń fi iyán ra ikùn?"

Adélaní wo gíríìsì tí ó wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Inú oríkèé ni irin ti ń jẹ irin," ni bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí. "Gíríìsì tí o fi kun òde, ìyẹ̀fun gàrí àti yanrìn ni ó ń kó mọ́ra. Ìwọ fúnra rẹ lo ń pọ́n ṣéènì rẹ bí ọ̀bẹ. Tú u. Fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Rì í sínú òróró gbígbóná títí tí ìfóòfó kò fi ní jáde mọ́. Ìgbà náà ni òróró dé inú. Kí o wá nu òde rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé o kò fi nǹkan kan sí i."

Adélaní yọ ìwé kékeré kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó tún gbójú sókè.

"Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Eyín mélòó wá ni ti kẹ̀kẹ́ yín?"

"Tìrẹ mélòó ni?"

"Ogún ni kékeré, ogójì ni ńlá, ọgọ́rin ni ṣéènì. Mo fẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ gún. Ogún ogún ni àwọn baba wa fi ń kà."

"Àwọn baba wa ṣe ṣéènì rí?"

"Rárá, sà."

"Máa lọ sílé."

Bí ó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni ohùn kan dún láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. "Ta lò ń lé lọ yẹn, ọkọ mi?"

Ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ni Ìyá Àgbà, ìyá ìyàwó Kìtán, ẹni àádọ́rùn-ún ọdún tí ó jókòó sórí àga onítìmùtìmù pẹ̀lú ọ̀pá lórí itan. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ya Adélaní lẹ́nu. Bàbá Kìtán, tí òun náà ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin, sáré kọjá àgbàlá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, àyà kan ilẹ̀.

"Àlejò ni, mà. Ọmọ Àkúrẹ́ ni."

"Máa ṣe é jẹ́jẹ́. Ọlọ́run yóò bù sí i fún ọ. Mẹ́rìnlá náà yóò pé."

"Àmín, mà," ni Bàbá Kìtán wí, bí ẹni tí ó gbé oògùn ibà mì láìsí omi.

Modúpẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé omi tútù wá fún àlejò. Adélaní rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mẹ́rìnlá kí ni?"

"Ọmọ," ni Modúpẹ́ dáhùn.

"Ọmọ mẹ́rìnlá?"

"Bí o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn. Ọdún tí mo wọlé rẹ̀ ni màmá mi wá kí wa. Inú ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an ni wọ́n ti bá a. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbàdúrà fún un pé Ọlọ́run yóò fi ọmọ dá wa lọ́lá. Dípò kí bàbá yìí ṣe àmín bí ọmọlúàbí, ó kígbe pé, 'Mẹ́rìnlá!' Màmá ní, 'Mẹ́rìnlá kí ni?' Ó ní iye tí òun ń tọrọ nìyẹn."

"Kí ni màmá wá ṣe?"

"Kí ni màmá kò ṣe? Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ń gbààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì títí di òní. Títí di òní náà ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ní Ìyá Mẹ́rìnlá. Mo bí mẹ́fà. Mo wá sọ fún un pé kí ó lọ fi irin rọ mẹ́jọ tó kù. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, ọmọ mi. Ààwẹ̀ kò tíì tán."

Adélaní mu omi rẹ̀ láìjẹ́ kí ẹ̀rín tú u jáde lẹ́nu. Ó wo ẹ̀yìn, ó rí Bàbá Kìtán tí ó ń fi ìdí òòlù gbá òrùka ṣéènì ògbólógbòó kan tí ó fi kọ́ sórí ìṣó lára ògiri, bí ẹni tí nǹkan ń bí nínú. Kò béèrè ohun tí òrùka náà wà fún. Ì bá ti béèrè.

* * *

Ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, Adélaní ṣe gbogbo ohun tí bàbá wí. Ó gé kẹ̀kẹ́ méjì tuntun, ogún àti ogójì. Ó ra ṣéènì tuntun, ó rì í sínú òróró, ó nù ún gbẹ. Ẹ̀rọ náà ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni Ìyá Bímbọ́lá, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà, pè é lórí fóònù pé kí ó máa bọ̀.

"Tẹ́tí sí i," ni Ìyá Bímbọ́lá wí nígbà tí ó dé.

Adélaní tẹ́tí. "N kò gbọ́ nǹkan kan, mà."

"Tún tẹ́tí. Ẹ̀rọ rẹ ń tiro."

Lóòótọ́ ni. Láàárín ìró ẹ́ńjìnnì, ohùn kékeré kan ń dún: *kẹ́*. Yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún dún: *kẹ́*. Adélaní pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi ọ̀dà funfun sàmì sí oríkèé kan báyìí tí ó le ju àwọn yòókù lọ. Ó fi ọ̀dà sàmì sí eyín tí oríkèé náà kàn. Ó fi ọwọ́ yí ẹ̀rọ náà po lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì lọ, ó sì bọ̀. Oríkèé funfun jókòó sórí eyín funfun. Ó tún yí i. Orí eyín kan náà. Ó yí i nígbà mẹ́wàá. Nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, oríkèé burúkú yẹn kò yà sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Eyín náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ tẹ̀ bí ìkọ́.

"Ó ti rí ẹni tí yóò máa bá jà," ni Ìyá Bímbọ́lá wí lẹ́yìn rẹ̀. "Adélaní, ọ̀túnla ni ọjọ́ ọjà. A kò ní ẹnu tí a óò tún fi ṣàlàyé gàrí jíjó fún oníbàárà. Bí ó bá fo ṣáájú ọjọ́ náà, Isikan yá."

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Ìyá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru."

"Àwa náà ní in. Ẹ̀rọ rẹ ló fún wa. A ti dá orin náà sílẹ̀."

"Ẹ ti dá a?"

"Ṣé o fẹ́ gbọ́ ọ?"

"Rárá o, mà!"

"Ẹ̀yin obìnrin! Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ!"

Àwọn obìnrin méjìlá sọ igbá gàrí kalẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́:

"Adélaní ọmọ Isikan o,
Ẹ̀rọ rẹ jó gàrí wa;
Eyín rẹ̀ ń fo bí ọ̀pọ̀lọ́,
A gbé e dé ulé ìyá rẹ!"

Ohun tí ó dun Adélaní jù ni pé orin náà dára. Kí wọ́n tó lé e lẹ́ẹ̀kejì, ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú nílẹ̀. Ìyá Bímbọ́lá wo ẹsẹ̀ náà, ó sì mi orí.

* * *

Kí oòrùn tó wọ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ó ti tún dọ̀bálẹ̀ nínú eruku irin ní Oǹdó. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkíni ni ó ṣáájú. Ìyá Àgbà ń tòògbé lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"N kò ní sọ fún ọ," ni Bàbá Kìtán wí kí Adélaní tó ya ẹnu.

"Sà, mo fẹ́ sọ ohun tí mo rí ni." Adélaní ròyìn orin tí àwọn obìnrin fẹ́ fi lé e dé ilé ìyá rẹ̀, ó sì ròyìn oríkèé funfun àti eyín funfun, bí wọ́n ti ń pàdé ara wọn láìyẹsẹ̀. "Mo ń rò ó láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ bọ̀. Ó jọ pé iye wọn ni ó so wọ́n pọ̀. Ogún wọ inú ọgọ́rin nígbà mẹ́rin géérégé. Bí ṣéènì bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn á padà sí ìjókòó wọn, bí èèyàn tó ní bẹ́ǹṣì tirẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí mo ń ṣìnà, sà?"

Bàbá Kìtán gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wo Ìyá Àgbà. Oorun ṣì ń gbé e. Ó bọ́ okùn kúrò lọ́rùn, ó ṣí àgádágodo, ó gbé páànù kúrò.

"Kà á. Ṣùgbọ́n má kà á sókè."

Adélaní fi ìka kà á, ètè rẹ̀ ń jó. Ó tún un kà. Ó tún un kà lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mọ́kàndínlógún, sà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ti ṣì í kà, sà."

"Ta ló ṣì í kà?" Ohùn Bàbá Kìtán gba gbogbo àgbàlá kan. "Ta ni ìwọ ń sọ pé ó ṣì í kà? Èmi? Mo ti ń gé irin kí wọ́n tó bí ọ!"

Ìyá Àgbà jí. "Kí ló dé, ọkọ mi?"

"Kò sí nǹkan kan, mà. À ń sọ̀rọ̀ irin." Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó yíjú sí Adélaní. "Bí oníjà méjì bá ń pàdé létí kànga kan náà ní gbogbo òwúrọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Wọn á fọ́ ìkòkò ara wọn, sà."

"Bí wọ́n bá ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ńkọ́?"

"Wọ́n lè bi ara wọn léèrè ilé."

"Ohun tí mọ́kàndínlógún ń ṣe nìyẹn. Kò wọ inú ọgọ́rin bó ti wù kí o fi tipátipá tì í. Bí ṣéènì bá ti yí po, eyín mìíràn ni yóò pàdé oríkèé burúkú náà. Ó di ìgbà tí ṣéènì bá yí po nígbà mọ́kàndínlógún kí wọ́n tó tún rí ara wọn. Eyín kọ̀ọ̀kan a ti kí gbogbo oríkèé ọgọ́rin ṣáájú. Gbogbo wọn á jẹ ìyà náà ní díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹnìkan tí yóò dá a jẹ."

"Kẹ̀kẹ́ ńlá ńkọ́?"

"Mọ́kàndínlógójì. Ogójì ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó jẹ, mo gé òmíràn. Ìyẹn ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe."

Adélaní ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó gbé ìwé sílẹ̀. "Ìyẹn ni ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Kékeré wá ńkọ́, sà?"

Bàbá Kìtán gbé páànù rẹ̀, ó fẹ́ dé e padà.

"Sà, ta ló kọ́ yín ní mọ́kàndínlógún?"

"O ti rí iye rẹ̀. Lọ gé tìrẹ. Ilẹ̀ ń ṣú."

"Ìyá Bímbọ́lá yóò bi mí, sà. Ogún ni mo kà fún wọn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e wá. Bí ó bá ka mọ́kàndínlógún, yóò ní ẹ̀rọ tuntun, eyín rẹ̀ kan ti ká. Mo fẹ́ dárúkọ ẹni tí ọgbọ́n náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, kí wọ́n lè fi orin yẹn yìn ín."

"Má dárúkọ mi."

"Kí ló dé, sà?"

"Mo ní má dárúkọ mi!"

"Ọkọ mi." Ìyá Àgbà ti gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ láti orí itan. "Súnmọ́ mi."

Bàbá Kìtán lọ, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ojú mi nìkan ló sùn, etí mi ń gbọ́ yín. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi orin lé dé ilé ìyá rẹ̀. Ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan, o ní o kò sọ. Kí ni ń bẹ níbẹ̀? Àbí o jí ọgbọ́n náà ni?"

"Háà! Èmi kẹ̀, mà?"

"Olè ni kì í fẹ́ sọ ibi tí ó ti rí nǹkan. Mo fi ọmọ mi fún ọ, mo fi ààwẹ̀ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lé e. Ṣé olè ni mo ń gbààwẹ̀ fún?"

"Rárá o, mà."

"Dá ọmọ náà lóhùn."

Modúpẹ́ ti jáde dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo ẹ̀bà lọ́wọ́. Bàbá Kìtán wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àna rẹ̀, ó wo kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na apá sí ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òrùka ṣéènì ògbólógbòó nì ti kọ́.

"Òrùka yẹn ni mo fi wọn kẹ̀kẹ́ náà, mà. Ogún ni mo fẹ́ kà lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ kan di ṣéènì mú, ọwọ́ kejì ń ka oríkèé: ibi tí ó bá pé ogún ni n óò ti gé e, n óò dì í ní òrùka, n óò fi yí irin po. Mo ti ka mẹ́tàlá nígbà tí ẹ wọlé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìka mi kò kúrò lórí oríkèé náà, kí n má baà gbàgbé. Ẹ gbàdúrà. Iye tí ó kàn ni ó já bọ́ lẹ́nu mi, ìka mi kò sì sún. Nígbà tí mo dìde, láti orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń bá a lọ. Oríkèé kan ti ṣòfò. N kò mọ̀, àfi lọ́jọ́ tí gbogbo ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n, tí mo wá lọ ka eyín rẹ̀."

Adélaní bo ẹnu. Modúpẹ́ gbé àwo ẹ̀bà kalẹ̀.

Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ọkọ mi, mẹ́rìnlá ńkọ́? Mẹ́rìnlá tí o tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run níṣojú mi?"

Bàbá Kìtán gbé iwájú orí kan ilẹ̀.

"N kò tọrọ ọmọ, mà. Ṣéènì ni mò ń kà."